Ẹ Bi Wá: Ta Ló Bá Wọn Ka Mílíọ̀nù Ọdún?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, lẹ́tà tó wọlé lórí àwòrán egungun ojú ìnàkí tá a gbé jáde lóṣù tó kọjá pọ̀ ju èyí tá a gbà lórí ọ̀rọ̀ owó ilé lọ, ó yà wá lẹ́nu o. A ti ṣà wọ́n, àwọn tó bi wá ní nǹkan kan náà, a pa wọ́n pọ̀. Ẹni tí ò bá rí tiẹ̀ kó má bínú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ ní wọ́n wú egungun yẹn nílẹ̀ Pakistan, níbi àwọn òkè kéékèèké tó wà lẹ́sẹ̀ Himalaya, ẹ wá kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgede pé ó ti lé ní mílíọ̀nù 8 ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wà láyé yìí náà ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wa. Ta ló wá bá ìnàkí ka tiẹ̀? Àbí kábọ̀n tí wọ́n máa ń sọ yẹn náà ni? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé kábọ̀n kúrò lọ́nà. Kábọ̀n 14 tó wà nínú ohun tó ti kú máa ń dín kù sí ìdajì láàárín ọdún 5,730, tó bá fi máa tó bí ẹgbẹ̀rún 50 ọdún, èyí tó ṣẹ́ kù ò tó ohun tí ẹ̀rọ lè kà tọ́kàn á fi balẹ̀, torí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní kábọ̀n lòun fi wọn egungun ọlọ́dún mílíọ̀nù, ẹ yáa sá fún un. Egungun yẹn gan-an ò tiẹ̀ jẹ́ egungun mọ́ tán, omi inú ilẹ̀ ti kó nǹkan míì sínú ẹ̀, ó ti di òkúta. Ilẹ̀ tó sùn sí ni wọ́n ń wọn.

Àwọn òkè yẹn, Siwalik lorúkọ wọn, wọ́n na láti Pakistan gba India àti Nepal kọjá lọ sápá Bhutan. Bí wọ́n ṣe débẹ̀ rèé: ilẹ̀ India forí gbá ilẹ̀ Éṣíà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, títì tí wọ́n ń tira wọn ló gbé Himalaya ga, bó ṣe ń ga lòjò ń wẹ̀ ẹ́, tódò ń ru yanrìn àti ẹrẹ̀ ara ẹ̀ wá dà sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀, látìgbà tó ti lé ní mílíọ̀nù 18 ọdún, ẹrẹ̀ lórí ẹrẹ̀, yanrìn lórí yanrìn, títí tó fi nípọn ju kìlómítà mélòó kan lọ. Ẹran tó bá kú létí odò níbẹ̀, tí ẹrẹ̀ bá tètè bò ó kíkookò tó jẹ ẹ́ tán, ó di tilẹ̀ nìyẹn. Òkè ò sì yéé tì wá síwájú, nígbà tó yá ó ti débi tí ẹrẹ̀ tó ti di òkúta wà, ó ká a sókè, òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí gé e, ni egungun bá ń yọjú. Òkè tó kó ẹrù wá náà ló tún ń tú u.

Àwọn ará Britain tó ń gbẹ́ odò ọlọ́nà fún oko ní India láwọn ọdún 1830 ni wọ́n sọ ibẹ̀ di olókìkí, Proby Cautley tó jẹ́ ẹnjiníà àti Hugh Falconer tó ń tọ́jú ọgbà ewéko ìjọba ní Saharanpur. Ahun tí igbá ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì, ẹran ńlá kan tó jẹ́ ìbátan àgùnfọn, tí wọ́n sọ ní Sivatherium, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó jáde, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní àmì ẹ̀yẹ Wollaston ní London lọ́dún 1837. Ní nǹkan bí 1910 sí 1913, Guy Pilgrim tó ń bá iléeṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ India ṣiṣẹ́ to àwọn ìpele yẹn ní ẹsẹ-ẹsẹ, ó wo irú ẹran tó wà nínú ẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè àti tìsàlẹ̀, ó sì fi orúkọ àwọn abúlé ibẹ̀ pè wọ́n: Chinji, Nagri, Dhok Pathan, Tatrot, Pinjor. Iṣẹ́ ńlá ni, a ṣì ń lo orúkọ yẹn títí dòní. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Pilgrim lè sọ ò ju pé lágbájá ṣáájú tàmẹ̀dò, kò lè sọ pé ọdún mélòó.

Láti rí ọdún, ẹ nílò nǹkan tó ń kà fúnra ẹ̀. Eérú òkè ayọnáyèéfín ló dáa jù. Àwọn horo kan wà nínú ẹ̀ tó ní potassium, díẹ̀ nínú potassium yẹn sì máa ń yí padà di gáàsì argon, ó máa gbà á ní bílíọ̀nù 1.25 ọdún kí ìdajì ẹ̀ tó yí tán. Nígbà tí òkúta ṣì yọ́, tó ń hó, gáàsì ń sá jáde, ó bá ti lè tutù báyìí, gáàsì ò rójú ọ̀nà mọ́, kíkà bẹ̀rẹ̀ láti odo. Zircon náà wà, horo kékeré tó le bí nǹkan míì, uranium tó wà nínú ẹ̀ ń di òjé, tàbí kó máa fọ́ kó sì fi ojú àpá sára ẹ̀ táwọn èèyàn ń kà lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹ̀ẹ́ ní kí ló dé tí wọn ò kàn bu yanrìn tó yí egungun ká lọ sí láàbù. Wọ́n lè bù ú o, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí òkè tí yanrìn yẹn ti já wá lẹ máa rí, ó sì lè fi bílíọ̀nù ọdún ju egungun lọ. Èrè kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé òkúta ò lè dàgbà ju horo tí ọjọ́ orí ẹ̀ kéré jù nínú ẹ̀ lọ.

Wàhálà Siwalik wá ni pé eérú ò pọ̀ níbẹ̀, ó ń já lu yín níbì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ọ̀kan wà lápá òkè tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 ọdún. Gbogbo èyí tó kù láàárín ńkọ́? Òòfà ló gbà wọ́n.

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí mo fẹ́ràn ibẹ̀. Òòfà inú ayé ò dúró sójú kan. Abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì ń kọjú sí àríwá lónìí, ṣùgbọ́n téèyàn bá ní kọ́ḿpáàsì ní ẹgbẹ̀rún 900 ọdún sẹ́yìn, gúúsù ló máa kọjú sí, ó ti yí bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ìgbà, láìní àkókò tó dọ́gba. Bernard Brunhes ló kọ́kọ́ kíyè sí i lára òkúta ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1906, Motonori Matuyama tún rí i ní Japan ní 1929. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá lọ ń wọn òkúta iná tó ní potassium káàkiri ayé, wọ́n tún wo ìsàlẹ̀ òkun, títí wọ́n fi ní kàlẹ́ńdà gbogbo ìgbà tó yí. Ẹrẹ̀ tó ń rọ̀ sílẹ̀ nínú omi sì ní ìdọ̀tí irin wẹ́wẹ́ nínú, tó máa ń darí síbi tí òòfà ayé bá kọjú sí lọ́jọ́ yẹn, ẹrẹ̀ bá gbẹ tán, ó há síbẹ̀.

Ohun tí Neil Opdyke, Noye Johnson àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe ní Potwar, apá kan ilẹ̀ Siwalik ní Pakistan, láwọn ọdún 1970 sí 80 nìyẹn, wọ́n ń tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ odò gbígbẹ láti ìsàlẹ̀ ìpele lọ sókè. Wọ́n á ha ojú òkúta tí oòrùn ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á fi fáìlì rọ́ ọ títí tó fi tẹ́jú, wọ́n á fi kọ́ḿpáàsì fa ìlà àríwá sí i lára nígbà tí ò tíì kúrò lójú ẹ̀, kí wọ́n tó gé e. Ẹ bá gé e kẹ́ ẹ tó fàlà, ẹ ti ṣòfò, ẹ jù ú nù. Tó bá dé láàbù, wọ́n á máa yan án nínú iná díẹ̀díẹ̀, ó lè gba kó kọjá 600 dígíríì, torí òkúta máa ń gba òòfà tuntun mọ́ra lẹ́yìn tó ti di òkúta, èyí tó rọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó dànù kí èyí àtijọ́ tó hàn.

Ohun tí wọ́n máa ní lọ́wọ́ níparí ò ju àríwá, gúúsù, àríwá, gúúsù lọ, àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú. Ó dà bíi kéèyàn gbọ́ gángan lókèèrè: ohùn òkè méjì pẹ̀lú ìsàlẹ̀ kan ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń sọ, òwe ọgọ́rùn-ún ló lè bá a mu, àmọ́ kó lù ú gùn díẹ̀, ẹ ti mọ oríkì ẹni tó ń kì. Àkókò kan wà láti bíi mílíọ̀nù 11 sí mílíọ̀nù 9.8 ọdún sẹ́yìn tí òòfà kọjú sí àríwá fún ìgbà pípẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irú ẹ̀ nítòsí, ó bá ti yọ nínú òkúta Potwar báyìí, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n á máa ka èyí tó kù lọ sókè àti sísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé Chinji ń lọ láti bíi mílíọ̀nù 14 sí mílíọ̀nù 11, àti pé ìnàkí wa yẹn, Sivapithecus, gbé agbègbè Siwalik láti ìgbà tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 12 ọdún títí dé mílíọ̀nù 8 àbọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí òkè bá ti ká ilẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń sọ, ṣé èyí tó wà lókè ò lè jẹ́ èyí tó dàgbà jù? — Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Ó lè ṣẹlẹ̀ dáadáa, ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Wọn kì í wo òkè àti ìsàlẹ̀ lásán. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ máa ń sán, ojú sísán yẹn á fẹ̀ lókè, á tín-ín-rín nísàlẹ̀, yanrìn á sì wọnú ẹ̀, tó o bá rí i tó ṣe é lódì, mọ̀ pé ìpele yẹn ti dojú dé. Odò tún máa ń já òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kó tó já yanrìn, kó tó wá kan ẹrẹ̀. Gbòǹgbò igi náà kì í hù lọ sókè.

Ibi tó le jù lágbègbè yẹn ni ẹ̀gbẹ́ àwọn òkè oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní Salt Range, òkúta tó lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún ti yọ̀ gun orí òkúta odò tó jẹ́ ọmọ àná níwájú ẹ̀. Iyọ̀ rọ̀, ó ń yọ̀, òun lòkè gùn yọ̀ lọ síwájú. Iyọ̀ aláwọ̀ òsùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà lówó gọbọi ní London pé ti Himalaya ni, kòtò Khewra níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á (Himalaya gan-an ṣì jìnnà sí i díẹ̀, àwọn ọlọ́jà sì mọ̀). Iyọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ láwọn ọdún 1940: Birbal Sahni, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ewéko àtijọ́ ní India, rí ègé igi àti kòkòrò tíntìntín nínú ẹ̀, ó ní iyọ̀ ò lè dàgbà tó bí wọ́n ṣe wí, torí igi ò tíì sí láyé nígbà yẹn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní ibi tó wà lábẹ́ òkúta ìgbà Cambrian, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 ọdún sẹ́yìn, ti tó ẹ̀rí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ló jàre nígbẹ̀yìn. Iyọ̀ tó ń rìn, tómi ń yọ́, tó tún ń dì, kò sóhun tí ò lè gbé mì.

Ìbéèrè: Ọ̀rọ̀ yín ń ṣe mí bákan. Ẹ ní òkúta ló ń sọ ọjọ́ orí ẹran, ní ibòmíì mo kà á pé ẹran ló ń sọ ọjọ́ orí òkúta. Ṣé ẹ̀yin náà ò rí i pé àwọn èèyàn yìí ń yí wa po? — Ìyá onílé oògùn, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Mà, ẹ mú wa. Tó bá jẹ́ pé ohun méjì yẹn nìkan ló wà, ẹ̀tàn gidi ni ì bá jẹ́. Ohun tó já òkùn yẹn ni pé potassium àti òòfà ò bá ẹran mọ̀ rí, nọ́ńbà wọn á dúró bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ rí egungun kan ṣoṣo.

Ẹ wo ẹṣin olọ́mọ-ìka mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Hipparion. Àríwá Amẹ́ríkà ni ìran ẹ̀ ti wá, ó gba orí ilẹ̀ tó so Alaska mọ́ Éṣíà nígbà tí òkun lọ sílẹ̀, ó tàn ká gbogbo ibi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbikíbi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ rí eyín ẹ̀ nínú ìpele, wọ́n á ní ìgbà kan náà nìyẹn káàkiri ayé. Nígbà tí òòfà dé, ó hàn pé ó dé Yúróòpù ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 11 ọdún, àmọ́ ní Siwalik, kò dé títí di bíi mílíọ̀nù 10.8. Kò sí bí wọn ì bá ṣe mọ̀ pé ó pẹ́ lọ́nà tó bá jẹ́ ẹṣin náà ló ń ka ara ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n tán ní ibi tí ìwọ̀n ti ṣeé ṣe, ìgbà yẹn ni wọ́n lè gbé eyín lọ síbi tí ò ní eérú, tí òòfà ò sì hàn, wọ́n á sì jẹ́ kí àyè àṣìṣe fẹ̀ díẹ̀.

Èyí tó wúlò ju ẹṣin lọ fún wọn ni eku, mi ò ṣàwàdà. Eku ń bímọ kíákíá, ìran ẹ̀ ń yí padà kíákíá, eyín ẹ̀ le, ó sì pọ̀. Louis Jacobs àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń kó ẹrẹ̀ gbígbẹ ní àpò-àpò, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, wọ́n á da kẹrosíìnì kúrò, wọ́n á da omi sí i, ẹrẹ̀ tó le bí òkúta yẹn á tú pátápátá, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n á sá èérí tó kù, lẹ́yìn náà ni jíjókòó sídìí maikirosíkóòpù láti fi abẹ́rẹ́ ṣa eyín tí ò tó orí ìṣáná. Ìran kan tí wọ́n ń pè ní Antemus ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn ẹ̀ ni Progonomys, ìpele sí ìpele lẹ ti máa rí i tí eyín ń yí díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń ka DNA eku ilé àti eku ńlá inú kéèjì láàbù ṣì ń fi ọjọ́ tí wọ́n rí ní Potwar yìí ṣètò kíkà tiwọn dòní.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo rántí pé wọ́n fi kọ́ wa níléèwé pé Ramapithecus ni bàbá ńlá èèyàn, wọ́n tún wá ní kì í ṣe òun mọ́. Àwọn tó ń pa ọ̀rọ̀ dà báyìí, kí la fẹ́ gbà gbọ́ lẹ́nu wọn? — Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham.

Ìdáhùn: Àbúrò, òótọ́ ni, ìtàn yẹn sì dùn. Edward Lewis ló rí àjákù egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè kan ní àríwá India lọ́dún 1932, ó pè é ní Ramapithecus. Láwọn ọdún 1960, Elwyn Simons àti David Pilbeam ní fásitì Yale ní Amẹ́ríkà gbé e sókè pé ìran èèyàn ni, pé eyín ẹ̀ tò ní kọdọrọ bíi tiwa, tó túmọ̀ sí pé a ti yà kúrò lára àwọn ìnàkí láti bíi mílíọ̀nù 14 ọdún. Ohun tó ṣe ni láàánú ni pé apá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní, àárín ò sí, bí eyín ṣe tẹ̀ yẹn, àwọn ni wọ́n fojú inú parí ẹ̀. Ní 1967, Vincent Sarich àti Allan Wilson ní Berkeley fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn wé ti ìnàkí, wọ́n ní ìpínyà yẹn ò lè ju bíi mílíọ̀nù 5 ọdún lọ. Ẹ̀yin ará, wọ́n bú wọn! Àwọn elegungun ní kí ni onílé ẹ̀jẹ̀ mọ̀.

Pilbeam fúnra ẹ̀ ló wá kó èèyàn lọ sí Potwar láti 1973 pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Pakistan, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí egungun ojú tí ẹ rí àwòrán ẹ̀ yẹn, ó sì gbé e jáde ní 1982. Ojú méjèèjì sún mọ́ra, ihò ojú ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, abẹ́ imú tẹ́jú wọnú ẹnu láìní àtẹ̀gùn, tẹ́ ẹ bá gbé orangutan, ìnàkí onírun pupa tó ń gbé Borneo, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ́ ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Ramapithecus ò tiẹ̀ yàtọ̀ sí Sivapithecus mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn abo tó kéré lára nìkan ni. Pilbeam gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ó sì kọ ọ́ síta, mo kí i fún ìyẹn, torí òun ló fi orúkọ ara ẹ̀ dúró fún ti àkọ́kọ́.

Kí o wá kíyè sí i pé kì í ṣe ọjọ́ orí òkúta ló wó o, ìtumọ̀ tí wọ́n fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wó. Ìnàkí Siwalik tó lé ní mílíọ̀nù 12 ọdún yẹn ni àwọn onílé ẹ̀jẹ̀ àti DNA ń lò báyìí láti fi mọ ìgbà tí ìran orangutan ti yà lọ. Àwọn tó bú ara wọn ti ń jẹ nínú àwo kan náà.

Ìbéèrè: Ṣé irú egungun báyìí ò lè wà lábẹ́ òkè tiwa? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ilẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. — Ọmọ Ìdànrè.

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kó gbin kòkó. Òkè Ìdànrè jẹ́ òkúta tó yọ́ nínú iná nísàlẹ̀ ilẹ̀, tó tutù síbẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, ẹran eléegun ò tíì sí láyé, ká tiẹ̀ ní ó wà, iná ò ní fi í sílẹ̀. Ibi tí òkun ti bo ilẹ̀ rí lẹ máa wá: òkúta ẹfun Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì kún fún ìkarawun, ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún, àti ní Togo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì ní Hahotoé, wọ́n rí egungun ẹja àbùùbùtán àtijọ́ kan níbẹ̀ látìgbà tí ìran wọn ṣì lẹ́sẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Togocetus lọ́dún 2014. Èyí tó sún mọ́ ẹ̀yin jù ni Ihò Eléérú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, tí wọ́n ti wú egungun èèyàn ní 1965. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún 11 ọdún, ó ṣì wà nínú ohun tí kábọ̀n lè kà, èédú tó wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n.